Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ tèmi náà sì ń rọlẹ̀: èwo ni ká tètè mójú tó?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 5 ni ọmọkùnrin mi. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá ló fi hàn mí pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ: bó bá dúró, gbogbo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀. Kò ké ìrora rí, ó ń sáré, ó ń fò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta bàtà sọ pé àfi kí n tètè ra bàtà àkànṣe fún un kí ẹsẹ̀ náà tó gan bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣé kí n rà á? Ṣé ara mi ló ti jogún rẹ̀? Mo bi èyí torí pé ẹsẹ̀ òsì tèmi náà ti ń rọlẹ̀ láti bí ọdún kan, ibi kókósẹ̀ lápá inú a sì máa wú lálẹ́. Ẹni ọdún 49 ni mí. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ló ká mi lára.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá. Ẹ má ra bàtà yẹn. Ọmọ ọdún 5 tó ń sáré, tó ń fò, tí kò ké ìrora rí, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọdé lásán ló ní. Mo máa sọ bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ohun tó dá mi dúró nínú ọ̀rọ̀ yín ni ẹsẹ̀ òsì tiyín, èyí tí ẹ kàn fẹnu bà kí ẹ tó sáré padà sọ́dọ̀ ọmọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti pẹlẹbẹ láti kékeré, tí kò dun ẹni tó ni ín, ìrísí lásán ni. Èyí tó ní àlàfo tẹ́lẹ̀, tó wá rọlẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó tún ń wú, iṣan kan ló sábà máa ń bàjẹ́ níbẹ̀, ó sì ní àsìkò tí ìtọ́jú rẹ̀ ṣì rọrùn. Mo máa dáhùn nípa ọmọ, n ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí tiyín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbé àárín ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orí ọmọ ìka. Àwọn tó wà lápá inú, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà, tò láti gìgísẹ̀ lọ síwájú ní títẹ̀ bí ọrun ọdẹ, àlàfo abẹ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tí kì í kan ilẹ̀. Ọrun yìí ní ọsán tirẹ̀: awọ líle kan tó nà lábẹ́ ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Lókè awọ náà, okùn mìíràn wà tó so eegun gìgísẹ̀ mọ́ eegun àárín ẹsẹ̀, òun ló gba eegun ọrùn ẹsẹ̀ dúró kó má baà rì wọlẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni iṣan kan wá, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ojúgun, tó sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ lápá inú, tó wá di àárín ẹsẹ̀ mú láti abẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa pe èyí ní iṣan agbẹ́sẹ̀ró, torí òun ló máa gba ọ̀rọ̀ wa tó bá yá.

Iṣẹ́ méjì tó ta ko ara wọn ni ẹsẹ̀ ń ṣe nínú ìṣísẹ̀ kan. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rọ̀ kó lè gba ìwúwo ara, kó sì bá ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun mu. Bó bá fẹ́ kúrò nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ le gbagidi kó lè ti ara síwájú. J. H. Hicks ṣàlàyé ní 1954 bí ìyípadà yẹn ṣe ń wáyé: bí gìgísẹ̀ bá ti gbéra, tí àwọn ọmọ ìka tẹ̀ sẹ́yìn, awọ abẹ́ ẹsẹ̀ á wé mọ́ ìdí wọn, á fà le, àlàfo àtẹ́lẹsẹ̀ á sì gbé sókè fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe fún ọmọ dá lé lórí. Ẹsẹ̀ tó bá ṣì lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí, bó ti wù kó pẹlẹbẹ tó nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, kò ní àrùn kankan.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ wá síwájú mi, ohun mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀: ṣé ó ń dun ẹni tó ni ín, ṣé ó rọ̀ tàbí ó gan, ṣé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn tàbí ó ń yí padà. Bó ṣe pẹlẹbẹ tó ló máa ń kẹ́yìn nínú ohun tí mò ń wò.

Ó wá ku ọmọ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ jòjòló tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò pẹlẹbẹ. Ọ̀rá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn tó dí àlàfo náà, okùn tó so eegun pọ̀ sì rọ̀ gan-an ní ọjọ́ orí yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni àlàfo ń hàn láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, kì í sì í hàn lọ́jọ́ kan náà fún gbogbo ọmọ. Ní 2006, Pfeiffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ọmọ 835 ní Austria jáde, àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6. Nínú àwọn ọmọ ọdún 3, ìdá 54 nínú 100 ló ní àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Nínú àwọn ọmọ ọdún 6, ìdá 24 péré. Ó pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì pọ̀ lára àwọn ọmọ tó sanra jù. Àwọn tí àìsàn gidi wà nídìí tiwọn nínú gbogbo ọmọ yẹn kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ yín wà láàárín ọjọ́ orí yẹn gan-an, ó sì jẹ́ ọkùnrin. Ohun tí olùkọ́ rí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n bó bá wo àwọn ọmọ yòókù ní kíláàsì náà dáadáa, yóò rí i lára àwọn mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ bọ́ bàtà, kó dúró lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kó gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kó dúró lórí ọmọ ìka. Bí àlàfo bá yọ lábẹ́ ẹsẹ̀, tí gìgísẹ̀ tó ń tẹ̀ síta tẹ́lẹ̀ sì yí wá sínú díẹ̀, ẹsẹ̀ náà rọ̀, ọkàn yín sì lè balẹ̀. Bí kò bá gbọ́ àṣẹ yẹn, torí ọmọ ni, ẹ jẹ́ kó dúró lásán, kí ẹ wá fọwọ́ rọra gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Àlàfo yẹ kó hàn bí awọ abẹ́ ẹsẹ̀ bá ti fà. Ẹ tún lè gbé e jókòó sórí tábìlì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rọ̀ sílẹ̀ láìkan nǹkan kan: lára ọ̀pọ̀ ọmọ, àlàfo tó pòórá nígbà tó dúró yóò padà wá.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ohun kan tí wọ́n sábà máa ń gbójú fò. Ẹ na orúnkún ọmọ gbọọrọ, kí ẹ wá rọra ti iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sápá ojúgun. Bí ẹsẹ̀ náà bá kọ̀ láti kọjá ibi tó ti ṣe igun dígíríì 90 pẹ̀lú ojúgun, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti kúrú jù. Harris àti Beath ló la èyí yé wa nígbà tí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun Kánádà wò, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1947. Wọ́n pín àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó rọ̀, tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, èyí tó rọ̀ ṣùgbọ́n tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó sábà máa ń dunni, àti èyí tó gan. Ìpínsọ́wọ̀ọ́ yẹn ṣì ni mò ń lò títí di òní, torí kò sí èyí tó wúlò tó o fún ẹni tó fẹ́ mọ ọmọ tó yẹ kóun tọ́jú.

Àyẹ̀wò kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe, pé kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi, kí wọ́n fi tẹ ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n wá wo ojú ẹsẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ìrísí nìkan ló ń sọ fún yín. Kò lè sọ bóyá ẹsẹ̀ rọ̀ tàbí ó gan, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá ó ń dunni. Ẹ má fi ojú ẹsẹ̀ tí omi yà sílẹ̀ dá ẹjọ́ ọmọ.

Ní ti bàtà àkànṣe, a ti dán an wò dáadáa, ó sì dùn mí pé àwọn òbí ṣì ń náwó lé e lórí. Ní Amẹ́ríkà, Wenger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọ kéékèèké tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ, ọmọ 129, wọ́n fi kèké pín wọn: àwọn kan wọ bàtà àtúnṣe, àwọn kan lo oríṣiríṣi ìtẹ́nú bàtà, àwọn kan kò gba nǹkan kan. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi tọ́jú wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 1989, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló ti sàn sí i, àwọn tó wọ bàtà àtúnṣe kò sì fi nǹkan kan sàn ju àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún. Ohun tí ẹni tó ń tajà ń pè ní iṣẹ́ bàtà, ìdàgbàsókè ọmọ ló ṣe é. Bí ẹ bá rà á, tí àlàfo sì yọ lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ ó gbà gbọ́ pé bàtà ló ṣiṣẹ́, ẹ ó sì sọ fún ìyá mìíràn pé kó rà á. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń tàn kálẹ̀ nìyẹn.

Àní, bàtà pàápàá lè ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní Íńdíà, Rao àti Joseph wo ojú ẹsẹ̀ ọmọ 2,300. Nínú àwọn tó ń wọ bàtà, ìdá 8.6 nínú 100 ló ní àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ; nínú àwọn tí kì í wọ bàtà, ìdá 2.8. Bàtà tó bo ọmọ ìka ló burú jù. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 1992. Mi ò sọ pé kí ẹ gba bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ lórí ilẹ̀ tí ìgò tàbí ẹ̀gún wà. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ilé, àti níbikíbi tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ jẹ́ kó máa rìn láìwọ bàtà, kó máa gun nǹkan, kó máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú. Bàtà tó bá sì wọ̀, kó fẹ̀ níwájú, kó rọ̀ dé ìwọ̀n tí ẹ fi lè tẹ̀ ẹ́ níbi ìdí ọmọ ìka, kí ìdí rẹ̀ má sì yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bóyá ẹ̀rù tó wà nísàlẹ̀ ọkàn yín ni pé kò ní lè ṣeré ìdárayá tó bá dàgbà. Ìgbà kan wà lóòótọ́ tí wọn kì í fẹ́ gba ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ sí iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Cowan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ pa àwọn ọmọ ogun 246 tó ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ̀wé lé e lórí ní 1993, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ jù ló fara pa kéré jù. Àwọn tí àlàfo ẹsẹ̀ wọn ga ló fara pa jù. Ẹ jẹ́ kó máa sáré rẹ̀ lọ.

Ìgbà wo ni ẹ wá gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà? Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, tàbí tó ń tiro. Bí ẹsẹ̀ kan bá pẹlẹbẹ tí èkejì kò pẹlẹbẹ. Bí àlàfo bá kọ̀ láti yọ nígbà tó dúró lórí ọmọ ìka. Bó bá ń ṣubú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dín kù. Bó bá sì ń burú sí i ní ọjọ́ orí tó yẹ kó máa sàn.

Ẹsẹ̀ tó gan ní ìdí tirẹ̀. Èyí tí a máa ń rí jù lára ọmọ tó ti ń dàgbà ni pé eegun méjì tó yẹ kí oríkèé wà láàárín wọn so pọ̀ mọ́ra láti inú oyún. Nígbà tó ṣì kéré, ohun tó so wọ́n pọ̀ rọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá wá ń di eegun gidi, oríkèé á gan. Bó bá jẹ́ láàárín eegun gìgísẹ̀ àti eegun iwájú rẹ̀ ni, ìrora máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 12. Bó bá jẹ́ láàárín gìgísẹ̀ àti eegun ọrùn ẹsẹ̀, láàárín 12 sí 16. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa fẹsẹ̀ rọ́ léraléra, kì í fẹ́ rìn lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ẹsẹ̀ a sì máa dùn ún lẹ́yìn eré. Bí ọmọ yín bá dé ọjọ́ orí yẹn tó wá ń ṣe báyìí, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé kò fẹ́ ṣeré. Àwọn kan wà tí ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ wọn yọ kókó nítorí eegun kékeré kan tó lé, tí bàtà ń há. Èyí wọ́pọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì le. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí wọ́n bí ọmọ tí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta dípò kó tẹ̀ wọlé, tí ẹsẹ̀ náà sì gan. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ bi mí bóyá ara yín ló ti jogún rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ a máa rìn nínú ìdílé lóòótọ́, pàápàá nínú ìdílé tí oríkèé wọn máa ń rọ̀, tí àtàǹpàkò ọwọ́ wọn lè tẹ̀ kan apá. Àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn Down tàbí Marfan náà sábà máa ń ní in. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní àlàfo lábẹ́ ẹsẹ̀ yín títí di ọdún tó kọjá. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára yín nígbà tí ọmọ ti pé ọdún mẹ́rin kò lè jẹ́ ohun tó jogún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹ̀bi yẹn kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ó ti kan tiyín wàyí. Iṣan agbẹ́sẹ̀ró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń kọ́ kókósẹ̀ lápá inú kó tó wọ abẹ́ ẹsẹ̀, ibi tó ti ń kọ́ yẹn gan-an sì ni ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń fà á. Bí ọdún bá ti ń lọ, ó lè wú, ó lè nà, ó lè ya díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ló ń ṣe jù, àwọn tó sanra, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àwọn tó ti lo oògùn sítẹ́rọ́ìdì pẹ́, àwọn tó ní àrùn oríkèé tó ń mú oríkèé wú, àti àwọn tí ọrùn ẹsẹ̀ wọn ti ṣèṣe rí. Nígbà tí iṣan náà kò bá lè gba ẹrù mọ́, gbogbo ìwúwo á bọ́ sórí àwọn okùn tó kù, àwọn náà á sì nà. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Lára ẹsẹ̀, kì í já lọ́jọ́ kan. Oṣù lórí oṣù ló fi ń já, ìyẹn ló sì mú kó ṣeé gbà sílẹ̀.

Ní 1989, Johnson àti Strom pín bó ṣe ń lọ sí ìpele mẹ́ta, Myerson sì fi ìkẹrin kún un lẹ́yìn náà. Ní ìpele kìíní, ibi kókósẹ̀ lápá inú ń dunni, ó ń wú, ṣùgbọ́n ìrísí ẹsẹ̀ kò tíì yí padà. Ní ìkejì, àlàfo ti rọlẹ̀, gìgísẹ̀ ti tẹ̀ síta, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ṣì rọ̀, ọwọ́ lè tún un tò sípò. Ní ìkẹta, ó ti gan. Ìrora a sì máa kúrò lápá inú lọ sápá òde, níbi tí eegun ti ń ha eegun. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn ti ń gbádùn nígbà tí apá inú kò dùn wọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti burú sí i ni. Ní ìkẹrin, ọrùn ẹsẹ̀ gan-an ti ń wọ́. Ohun tí a lè ṣe ní ìpele kìíní àti ìkejì pọ̀, ó sì dẹrùn jìnnà sí ohun tó kù láti ṣe nígbà tó bá gan. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi falẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ti rọlẹ̀ bíi tiyín ti sábà kọjá ìpele kìíní.

Ẹ lè yẹ ara yín wò lónìí. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ bá dúró láìwọ bàtà. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ tó dára, bóyá ọmọ ìka kan tàbí méjì ló máa rí lápá òde. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ tó ti rọlẹ̀, ó máa rí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iwájú ẹsẹ̀ ti yà síta. Kí ẹ wá di ògiri mú, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti gbé gìgísẹ̀ òsì sókè. Bí kò bá gbéra, tàbí tó gbéra ṣùgbọ́n tí kò yí sínú, tàbí tó dùn yín níbi kókósẹ̀ tí ẹ fi ní láti dáwọ́ dúró, iṣan agbẹ́sẹ̀ró kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di eré ìdárayá kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín ṣáájú ohun gbogbo: ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yẹ ṣúgà ara yín wò? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí òsì bá gbóná ju ọ̀tún lọ, tó pọ́n, tó wú, bí kò tilẹ̀ dùn yín tó bó ṣe rí lójú, ẹ má rìn lé e lórí mọ́, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́ lè mú kí eegun àárín ẹsẹ̀ máa fọ́, kí oríkèé máa yẹ̀, láìsí ìrora tó máa ta ẹni jí. Charcot ni wọ́n ń pè é. X-ray ìbẹ̀rẹ̀ lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n fi í pe wíwú lásán, tí wọ́n ń rìn lọ, lè pàdánù ìrísí ẹsẹ̀ náà pátápátá, egbò á tẹ̀lé e, ìgbà míì wọ́n á sì gé ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kan tí mi ò lè fojú fò rárá nìyí.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun, ó yẹ kó wo bí ẹ ṣe ń rìn, kó wò yín láti ẹ̀yìn, kó fọwọ́ tẹ ipa ọ̀nà iṣan náà láti ẹ̀yìn kókósẹ̀ dé àárín ẹsẹ̀, kó mọ̀ bóyá gìgísẹ̀ ṣì ṣeé yí padà sípò. X-ray tẹ̀lé èyí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró nígbà tí wọ́n bá ń ya á, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n yà nígbà tí ẹni tó ni ín sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kò gbé ẹrù kankan, ọrun tó ti rọlẹ̀ sì lè dà bí ẹni pé ó ṣì wà. Nínú àwòrán tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, ìlà tó gba àárín eegun ọrùn ẹsẹ̀ kọjá yẹ kó bá ìlà eegun gígùn tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò mu tààrà. Bó bá tẹ̀ sílẹ̀ ju dígíríì 4 lọ, ẹsẹ̀ ti rọlẹ̀. X-ray kì í fi iṣan hàn, nítorí náà wọ́n lè fi ultrasound tàbí MRI, àwòrán tó ń fi iṣan hàn, kún un láti mọ bóyá iṣan náà wú ni tàbí ó ti ya. Àwòrán CT, ti eegun tó so pọ̀ ni, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn gan nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi tó ní agbára: bàtà gíga tó le tàbí P.O.P. fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wíwú lè lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìtẹ́nú bàtà tó gbé ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ ró, nígbà míì pẹ̀lú ohun ìdìmú ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní kí ẹ má rà á fún ọmọ, mo sì ń sọ pé ẹ̀yin lè nílò rẹ̀. Kì í tún ọrun kọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìrora àti ẹrù ló ń dín kù, ọmọ yín kò sì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì á wá kọ́ yín bí ẹ ó ṣe na iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, bí ẹ ó ṣe máa fún iṣan agbẹ́sẹ̀ró lókun díẹ̀díẹ̀, àti bí ẹ ó ṣe máa fa ìdí àtàǹpàkò sápá gìgísẹ̀ láìká ọmọ ìka, èyí tó ń ta àwọn iṣan kéékèèké abẹ́ ẹsẹ̀ jí. Ó gba oṣù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Bí ara bá wúwo ju bó ti yẹ lọ, ìwọ̀nba tí ẹ bá dín kù níbẹ̀ máa hàn nínú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sínú iṣan náà láti fi pa ìrora, torí ó lè mú kó já.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, iṣẹ́ abẹ wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì rọ̀, wọ́n lè mú iṣan tó ń tẹ ọmọ ìka wá ṣe iṣẹ́ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n sì gé eegun gìgísẹ̀ láti sún un padà sábẹ́ ojúgun. Nígbà tó bá ti gan, oríkèé ni wọ́n máa ń so pọ̀, ìrora á lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ní lè yí sọ́tùn-ún sósì mọ́. Èkíní dára ju èkejì lọ, àsìkò ló sì ń pinnu èyí tí ẹ ó gbà.

Ẹ wá ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ mú bàtà tí ẹ ti ń wọ̀ jù láti ọdún kan wá, kó lè rí ibi tí ìdí rẹ̀ ti jẹ; ẹ mú àkọsílẹ̀ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò; kí ẹ sì ní kí ẹnì kan ya fọ́tò ẹsẹ̀ yín méjèèjì láti ẹ̀yìn lálẹ́, nígbà tó bá wú, torí bó bá di àárọ̀ wíwú náà lè ti lọ. Ọmọ lè bá yín lọ bí kò bá sẹ́ni tó máa dúró tì í. Bí dókítà bá fẹ́ wo tirẹ̀ náà, àyẹ̀wò orí ọmọ ìka yẹn kò ní gba ìṣẹ́jú kan.